Màíṣàì Mọ Ohun Tó Ń Ṣe: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ewé Tíì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ kú òjò, ẹ sì kú ẹsẹ̀ rìn. Alága ti fi ọgbọ́n sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí, nítorí náà n ó fo oríkì ẹgbẹ́, n ó lọ tààrà síbi ẹjọ́ tí mo wá rò. Ẹjọ́ náà nìyí: nínú gbogbo àwọn tó ń ta tíì nígboro Ìbàdàn yìí, àti ẹni tó ń tà á nínú hòtẹ́ẹ̀lì, àti ẹni tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, màíṣàì tó gbé bẹ́ńṣì kalẹ̀ lẹ́nu gáréèjì ló mọ ewé náà jù. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́ tẹnu mi. Mo ti tìtorí tíì rìn jìnnà, owó tí ìbá di aṣọ ẹbí ti bá ewé lọ, àwọn ọmọ mi sì ti sọ mí ní Ìyá Oní-tíì lójú mi àti lẹ́yìn mi. Ẹni tó ti náwó sórí nǹkan tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Lọ́ńdọ̀nù lọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Ọmọ mi bímọ, mo lọ wẹ ọmọ. Lọ́sàn-án, tí ọmọ tuntun bá ti sùn, ìyá rẹ̀ á ní, "Màámi, ẹ jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀." Ibi tí ẹsẹ̀ gbé mi dé lọ́jọ́ kan ni òpópónà Strand, níbi tí ṣọ́ọ̀bù Twinings ti wà láti ọdún 1706. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ rárá, ó kàn gùn wọnú lọ ni, pẹpẹ ewé sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ bu tíì sínú àwọn ife kéékèèké fún mi kí n tọ́ ọ wò. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ kankan, ọ̀kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan sì dúdú, ó korò. Ó ní ewé igi kan náà ni gbogbo wọn. Àlejò ni mí, n kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo délé, mo lọ wádìí rẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Igi kan ṣoṣo ni. Camellia sinensis lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Oríṣi rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jẹ́ méjì: eléwé kékeré tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ṣáínà, àti eléwé ńlá tó ti Assam wá ní Íńdíà. Tíì funfun, tíì aláwọ̀ ewé, oolong, tíì dúdú, inú igi yìí ni gbogbo wọn ti ń jáde. Koríko ọba tí a gbìn sẹ́yìnkùlé tí a ń pè ní ewé tíì kò sí lára wọn, sóbò náà kò sí níbẹ̀. Mo ń mu wọ́n o, mo sì fẹ́ràn wọn, àmọ́ ẹjọ́ tiwọn tún yàtọ̀.

Kí wá ló sọ ewé kan náà di oríṣiríṣi? Kẹ́mísírì ni mo fi jẹun ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, àlàyé tí mo sì máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni ti àmàlà. Iṣu funfun ni a bẹ, báwo ni àmàlà ṣe wá dúdú? Nǹkan kan wà nínú iṣu tó jẹ́ pé bí ọ̀bẹ bá ti là á tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó máa ń sọ àwọn èròjà inú iṣu náà di dúdú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà nínú ewé tíì. Tí wọ́n bá ká a tí wọ́n sì fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ rún un, oje rẹ̀ á bọ́ sí afẹ́fẹ́, ewé tútù á di pupa bíi bàbà, lẹ́yìn náà á dúdú. Tí wọ́n bá fẹ́ kó dúró sí àwọ̀ ewé, wọn kò ní jẹ́ kó débẹ̀: àwọn ará Ṣáínà á yára yan án nínú agbada gbígbóná, àwọn ará Jàpáànù á fi ooru omi sè é fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Iná á pa nǹkan tó ń sọ ọ́ di dúdú yẹn, ó parí nìyẹn. Oolong ni wọ́n jẹ́ kó rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ti funfun, wọn kì í fọwọ́ rún un, wọn á kàn sá a kó rọ, kó sì gbẹ.

Àwọn òyìnbó mu tíì fún ohun tó lé ní igba ọdún kí wọ́n tó mọ èyí dájú. Wọ́n gbà pé igi méjì ló ń so tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé. Ọkùnrin ará Scotland kan, Robert Fortune, ló lọ fojú ara rẹ̀ rí i ní Ṣáínà ní àwọn ọdún 1840, ìtàn ọkùnrin yìí sì dùn mọ́ mi débi pé n kò lè fò ó. Nígbà náà, Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú tíì tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá, fàdákà ni àwọn ará Ṣáínà sì ń gbà. Nígbà tí fàdákà ń tán lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní opium láti Íńdíà lọ tà fún àwọn ará Ṣáínà, ìyẹn ló sì dá ogun ọdún 1839 sí 1842 sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí ewé lè dá sílẹ̀. Ní 1848, ilé iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, East India Company, rán Fortune padà kó lọ jí igi náà wá. Ó fá iwájú orí, ó so irun gígùn mọ́ ìpàkọ́, ó wọ aṣọ Ṣáínà, ó sì ń sọ fún àwọn ará abúlé pé ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà lòun ti wá. Ó kó irúgbìn àti igi kéékèèké sínú àpótí onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun kò lè ráyè wọ̀, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ òkè Himalaya.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti àwọn ìka búlúù. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe tíì aláwọ̀ ewé, ó rí i pé ìka ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti di búlúù pátápátá. Aró búlúù kan ni wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní gypsum láti fi pa ewé náà láwọ̀, nítorí àwọn oníbàárà òkè òkun fẹ́ràn èyí tó bá ń dán. Àwọn ará Ṣáínà kì í mu irú rẹ̀ ní tiwọn. Ohun tí oníbàárà bá ń wá ni wọ́n ń tà fún un. Títí dòní, tí mo bá rí ẹni tó ń fi ojú nìkan ra nǹkan, àwọn ìka búlúù yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò ní ti ayé àtijọ́. Tíì tó wà nínú àpò kékeré tí a ń fà nínú ife, ibo ló ti wá? Ní àwọn ọdún 1930, ní Assam, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ní róólà irin méjì eléyín. Ọ̀kan ń yára yí, ọ̀kan ń rọra yí, ewé á gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀rọ náà ń tẹ ewé, ó ń fà á ya, ó sì ń ká a kò. CTC ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "crush, tear, curl" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń jáde kì í ṣe ewé mọ́, hóró kéékèèké ni. Ó ń tètè yọ, ó pọ́n, ó le, mílíìkì kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Kẹ́ńyà, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tíì ní Limuru ní 1903, ló ń ta tíì dúdú sókè òkun jù lágbàáyé lónìí, irú èyí ni wọ́n sì ń ṣe jù.

Àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀gá nínú tíì kì í ka CTC sí. Wọ́n ní pàǹtí ni, wọ́n ní eruku ni. Mo ti jókòó pẹ̀lú wọn nílé tíì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń da omi sórí ewé oolong nínú ìkòkò tí kò tóbi ju ọsàn lọ, tí wọ́n á mu ún, tí wọ́n á tún da omi sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Tíì náà dùn, n kò ní purọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bù ń ta sánsán bí òdòdó, nígbà tó fi máa di bíi ìgbà kẹrin ó ti ń dùn lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ìmú tí wọ́n ń yín sí tíì tálákà kò bá mi lára mu. Kò sẹ́ni tó ń dá ṣòkòtò lẹ́jọ́ pé kò ṣe é wé bí gèlè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí òkè Mambilla, kí n lọ fojú ara mi rí bí wọ́n ti ń ṣe irú tíì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Kẹ́ńyà tàbí Íńdíà nìkan ni tíì ti ń hù, ẹ má jẹ́ kí n bá yín jà. Ó ń hù ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Tàràbà. Ẹ ó gba Jalingo, ẹ ó gba Bali, ẹ ó gba Serti dé Mayo Selbe, lẹ́yìn náà ni mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Títì náà ń lọ́ bí ẹni ń lọ́ aṣọ fífọ̀. Etí ń dí, awakọ̀ kò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá dé òkè, màálù ni ẹ ó rí lórí pápá tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, òtútù á sì mú yín. Súwẹ́tà tí mo gbé ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ni mo wọ̀ ní Nàìjíríà, ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ga tó bíi mítà 1,600 sókè ìpele òkun.

Ní Kakara ni oko tíì wà. Igi náà kò ga ju ìbàdí mi lọ, orí rẹ̀ sì tẹ́jú, nítorí wọ́n ń gé e ni. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á di igi tí ẹ ó nílò àkàbà láti gùn. Obìnrin kan tó ń ká ewé kọ́ mi bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ Fúlàní, awakọ̀ ló ń fi Haúsá là wá lédè. Ewé méjì orí ẹ̀ka àti ọ̀mùnú àárín wọn ni wọ́n ń mú. Èékánná kò gbọdọ̀ kàn án, ìka ni wọ́n fi ń ṣẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, agbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì wo ewé náà púpọ̀. Ìwọ̀nba ewé tí èmi ká, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ìdajì rẹ̀ nù, ó ní ó ti gbó. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n jẹ́ kí n wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ́ ewé sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kó rọ, òórùn ibẹ̀ sì jọ ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Tó bá ti inú ẹ̀rọ eléyín jáde, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni òórùn ti yí padà di ti èso tó pọ́n. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo rí i tí àwọ̀ ewé ń kúrò tí pupa ń wọlé, ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ sára bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, iná gbígbẹ. Bíi kílò 4 sí 5 ewé tútù ló ń di kílò 1 tíì. Àwọn onímọ̀ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí wa níbí, CRIN, ní ibùdó lókè Mambilla, ní Kusuku, torí tíì wà lára ohun ọ̀gbìn tí ìjọba fi lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú kòkó, obì, kọfí àti kajú. Mélòó nínú wa tó ń gba iwájú géètì wọn kọjá ló mọ̀?

Ní alẹ́, obìnrin tó gbà mí sílé se tíì fún mi. Ó da omi híhó sórí ewé nínú ìkòkò, ó dé e, ó wá fi ìnura wé ìkòkò náà, ó sì lọ jókòó. Mo ní ṣé kò tíì tó. Ó mi orí. Mo wá ronú kan ìdí rẹ̀: bí ilẹ̀ bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń tètè hó tó. Ní ìwọ̀n gíga yẹn, bíi 95 lórí tẹmómítà Celsius ni omi ti ń hó, kì í dé 100, torí náà ewé nílò àkókò sí i kó tó yọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ obìnrin yìí ní físíìsì. Ẹnu ló fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ omi yìí, mo lè fi ìrọ̀lẹ́ odindi sọ ọ́. Lu Yu, ọkùnrin Ṣáínà tó kọ ìwé lórí tíì ní nǹkan bí 1,250 ọdún sẹ́yìn, ti to omi léra: omi orí òkè ló fi ṣáájú, omi odò tẹ̀ lé e, omi kànga ló kẹ́yìn. Ó tún ní kí ẹ máa wo omi bó ṣe ń hó, kọ́kọ́ bí ojú ẹja, lẹ́yìn náà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, títí tí yóò fi máa ru bí ìgbì. Kò sí tẹmómítà láyé ìgbà náà, ojú ni wọ́n fi ń wọn ooru. Nílé ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ìpele tín-ínrín kan máa ń wà lójú tíì bí epo tó léfòó, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife. Omi ìlú náà ló fà á, nítorí efun inú rẹ̀ pọ̀. Oje òroǹbó wẹ́wẹ́ díẹ̀ ń lé e lọ. Ewé kan náà ni mo gbé wálé, mo fi omi òjò sè é, ó mọ́ kedere, ó sì ń tàn nínú ife. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó lórí tíì olówó ńlá tí ẹ sì ń fi omi bọọhóò tó ń fi ẹ̀kánrin funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù sè é, ẹ gbé agbada síta nígbà òjò. Kí ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ páànù ná o.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ màíṣàì báyìí.

Ọmọ Òkè Ọya ni, kò jìnnà sílé mi. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ló ń dáná. Kẹ́tùlù rẹ̀ ti dúdú kọjá ohun tí ọṣẹ lè ṣe. Ó ń di tíì dúdú sínú aṣọ funfun, ó ń jù ú sínú omi pẹ̀lú atalẹ̀ tó fi ìdí ìgò tẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó hó dáadáa. Ẹ̀yìn náà ló ń wá kan ife. Ó lu ihò méjì sí agolo mílíìkì, ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́. Ó da mílíìkì àti ṣúgà sí ife, ó da tíì lé e, ó wá mú ife kejì. Ọwọ́ kan lókè orí, ọwọ́ kejì nísàlẹ̀ ìkùn, ó ń da á láti ibí sí ọ̀hún, láti ọ̀hún síbí, tíì gùn bí okùn láàárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀kán kan kò sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá gbé e fún ẹ, ó ti tutù tó ẹnu, ó ti pò pọ̀, ìfófòó sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ yẹ ohun tó ṣe wò. Hóró CTC kì í bàjẹ́ nítorí híhó, wọ́n ṣe é fún líle ni. Ohun kan tó ń fún ahọ́n pọ̀ wà nínú tíì líle, ohun tó wà nínú mílíìkì ń dì mọ́ ọn, ó sì ń mú un rọlẹ̀. Kò da mílíìkì sínú kẹ́tùlù, kí èyí tó bá ṣẹ́kù má baà kan. Tó bá di bíi agogo mẹ́sàn-án, ó ń tú aṣọ náà, ó ń da ewé nù, ó ní, "Ó ti kú, Màmá." Ẹ wá fi í wé hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mo sùn sí: omi inú fúláàsì tí wọ́n ti rọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, àpò tíì kan lórí àwo, ṣíbí tó ń dán, iye tí wọ́n sì gbà lè ra tíì fún gbogbo awakọ̀ gáréèjì. Omi tí kò hó kò lè fa tíì dúdú jáde dáadáa. Mo mu omi pípọ́n, mo sanwó, mo sì lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé tíì aláwọ̀ ewé Ṣáínà lọ bá màíṣàì mi, irú èyí tí wọ́n ká kò bí hóró ìbọn. Mo fẹ́ dán an wò, kí n sòótọ́. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí làwọn ará aṣálẹ̀ Agadez ní Nìjẹ̀ ń mu, ẹ̀gbọ́n bàbá òun ń bá wọn gbé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi ewé kan náà sè é nínú ìkòkò kékeré lórí ẹ̀yinná: ti àkọ́kọ́ korò, wọ́n á fi ṣúgà sí i, ti kẹta ló máa ń dùn jù. Mo na ọwọ́ sí agolo mílíìkì rẹ̀. Ó gbé agolo náà kúrò níwájú mi.

"Eléyìí ò gba mílíìkì, Màmá."

Ẹjọ́ tí mo wá rò nìyẹn.

Ìyá kan bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé tíì kì í ṣe àwọn ọmọ níbi. Ó dáa pé wọ́n bèèrè. Èròjà kan náà tó ń lé oorun lọ nínú obì ló wà nínú tíì, nítorí náà ẹ má fi ife tíì dúdú sin ọmọdé lọ sùn. Èkejì, tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Àwọn aboyún àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò pọ̀, ẹ jẹun tán, kí ẹ jẹ́ kí bíi wákàtí kan kọjá kí ẹ tó mu ún.

Mo gbé fúláàsì méjì wá, wọ́n wà lórí tábìlì ẹ̀yìn. Ti pupa ni ti Mambilla, mo ti sè é pẹ̀lú atalẹ̀, mílíìkì àti ṣúgà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti búlúù ni ti aláwọ̀ ewé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ bù, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé mílíìkì lọ sí ìdí ti búlúù. Alága, mo ti dákẹ́.